Ìdána ní Kétu: Bàbá àgbà ní òun ò gba obì láìgbọ́ ìtàn

Ọjọ́ Sátidé ni a wà ní Kétu, níbi ìdána tọkọtaya kan. Ọmọ Kétu ni ìyàwó. Ọmọ Àgùdà Àjàṣẹ́ ni ọkọ, àwọn tí bàbá ńlá wọn ti oko ẹrú Bàhíà padà wálé.

Obì, orógbó, ataare, oyin, iyọ̀ àti sódàbì ti wà nílẹ̀, bàbá àgbà ìyàwó ò fọwọ́ kan ọ̀kankan. Ó ní kí wọ́n kọ́kọ́ sọ ibi tí wọ́n ti ṣẹ̀ wá, kí ẹbí má baà fẹ́ra wọn láìmọ̀. Àbúrò bàbá ọkọ ka orúkọ dé ìran karùn-ún, ó dúró. Ẹni tó wọkọ̀ padà wálé kò mọ ìlú tí wọ́n ti kó bàbá rẹ̀. Agbo ilé pa lọ́lọ́. Àwa tí a ń ya fọ́tò pàápàá gbé ẹ̀rọ sílẹ̀.

Ìyá àgbà ìyàwó ló sọ̀rọ̀. Ó ní ọmọdé ni ìyá ìyá òun nígbà tí ogun Dànhọ̀mẹ̀ fọ́ Kétu ní 1886, tí wọ́n kó o lọ sí Àgbómẹ̀. Ẹ̀yìn ìgbà tí Faransé gba Àgbómẹ̀ ní 1892 ló tó padà, kò sì rántí orúkọ bàbá rẹ̀ mọ́. Ó ní bí Kétu bá ti lé e nítorí ìyẹn, ta ni ìbá bí ìyàwó òní?

Bàbá àgbà mú obì, ó pa á.

Ó wá ku ti méèrì o. Lábẹ́ òfin ìdílé Benin ti 2004, ìdána nìkan kò tó: bí ọkọ bá kú, opó tí kò ní ìwé méèrì kò lè fi òfin béèrè ogún aya. Àwọn méjèèjì ti lọ fi orúkọ sílẹ̀. Ìwé ìbí ìyàwó ni wọ́n ṣì ń dúró dè.