Owó Ìtọ́jú Jẹjẹrẹ Ọyàn: Bí A Ṣe Ń Ṣírò Rẹ̀ Dé Ọdún Kẹwàá

Bí dókítà bá ti sọ pé jẹjẹrẹ ni kókó tó wà lọ́yàn, owó iṣẹ́ abẹ ni ẹbí kọ́kọ́ máa ń sá kiri wá. Wọ́n á dáwó jọ, wọ́n á ta ilẹ̀, wọ́n á sì rò pé ìnáwó parí. Kò tíì bẹ̀rẹ̀.

Ẹ dúró de èsì àyẹ̀wò kókó náà kí ẹ tó mú bírò. Òun ló máa sọ bóyá hòmóònù ló ń bọ́ jẹjẹrẹ ọ̀hún, tàbí bóyá purotéènì tí wọ́n ń pè ní HER2 pọ̀ lára rẹ̀. Ti hòmóònù, oògùn bíi tamoxifen ni: hóró kan lójúmọ́ fún ọdún 5, nígbà mìíràn ó ń tó 10. Hóró kan kò wọ́n, ṣùgbọ́n hóró ti ọdún 5 lé ní 1,800. Ti HER2 ló le. Abẹ́rẹ́ trastuzumab ni, ọ̀sẹ̀ mẹ́ta-mẹ́ta fún ọdún kan gbáko, bí ìgbà 18. Owó rẹ̀ sì sábà ń ju ti iṣẹ́ abẹ lọ fíìfíì. Òkè òkun ni wọ́n ti ń kó o wá. Bí náírà bá já wálẹ̀ bíi ti oṣù kẹfà ọdún 2023, iye tí ẹ kọ sílẹ̀ tẹ́lẹ̀ ò ní tó mọ́. Ẹ bu díẹ̀ lé e.

Kímò, ìyẹn oògùn apajẹjẹrẹ, náà ní ìnáwó tirẹ̀: wọ́n á yẹ ẹ̀jẹ̀ wò kí wọ́n tó fà á síni lára nígbà kọ̀ọ̀kan. Bí ẹ̀jẹ̀ bá lọ sílẹ̀, wọ́n lè sún un síwájú, tàbí kí ẹ ra ẹ̀jẹ̀.

Ohun tí mo ń bẹ̀ yín pé kí ẹ má fojú fò ni owó tí kò sí nínú ìwé owó ọsibítù. Ìtọ́jú onítànṣán sábà máa ń jẹ́ ìgbà 15 tàbí 25, Ajé sí Ẹtì, fún ọ̀sẹ̀ 3 tàbí 5. Ìyá tó ti Ṣakí wá sí ọsibítù UCH n'Ìbàdàn kò lè máa lọ kó máa bọ̀ lójoojúmọ́. Yóò gba yàrá, òun àti ẹni tó ń tọ́jú rẹ̀. Wọ́n á jẹun, ìsọ̀ ìyá náà á sì wà ní títì. Ibí yìí ni ẹlòmíì ti ń dá ìtọ́jú dúró láàárín ọ̀nà. Ẹ kọ owó yìí sókè ìwé, ṣáájú owó oògùn.

Òfin NHIA (àjọ ìbánigbófò ìlera ìjọba àpapọ̀) ti ọdún 2022 sọ ìbánigbófò ìlera di dandan, ṣùgbọ́n kì í ṣe gbogbo oògùn jẹjẹrẹ ló wà nínú rẹ̀. Ẹ béèrè kí ẹ tó san kọ́bọ̀. Ìjọba àpapọ̀ tún dá owó ìrànwọ́ Cancer Health Fund sílẹ̀ fún aláìní. Jẹjẹrẹ ọyàn wà lára èyí tó ń sanwó fún, àmọ́ kì í ṣe ní gbogbo ọsibítù.

Lẹ́yìn ìtọ́jú, dókítà á máa rí aláìsàn ní oṣù 3 sí 6 síra wọn fún ọdún 3 àkọ́kọ́, mámógíráàmù, ìyẹn yíya àwòrán inú ọyàn, á sì máa wáyé lọ́dọọdún. Ẹ ṣírò owó ìwọ̀nyí náà dé ọdún kẹwàá.