Ọ̀kadà Bàjẹ́: Ta Ni Kó Tún Un Ṣe?

Bajaj Boxer tí wọ́n ń kó wá láti Íńdíà wọ́pọ̀ gan-an láàrin ọ̀kadà ilẹ̀ Yorùbá. Ẹ́ńjìnnì rẹ̀ kò díjú: sílíńdà kan ṣoṣo, atẹ́gùn ló sì ń tù ú lára. Ìdí nìyẹn tí ọ̀pọ̀ ọlọ́kadà fi ń tún un ṣe fúnra wọn. Ó dára, àmọ́ ó ní ibi tó mọ.

Púlọ́ọ̀gì ló yẹ kí ọlọ́kadà kọ́kọ́ mọ̀ ọ́n wò. Bó bá tú u, tí ẹnu rẹ̀ ní àwọ̀ búráùn, kò séwu. Bó bá dúdú, tí èéfín gbígbẹ bò ó, ó lè jẹ́ pé epo pọ̀ jù tàbí pé fílítà atẹ́gùn ti dí. Bó bá funfun, ẹ́ńjìnnì ń gbóná jù nìyẹn. Bí ọ́ìlì bá rin ín gbindin ńkọ́? Ó ṣeé ṣe kí ríìnì písítìn ti jẹ, ibẹ̀ ló sì yẹ kó ti gbé sípánà sílẹ̀, kó wá mẹkáníìkì lọ.

Mẹkáníìkì wo ló wá ṣeé fọkàn tán? Ẹni tó kọ́ṣẹ́ yanjú lọ́wọ́ ọ̀gá kì í kánjú dárúkọ owó. Á ní kí wọ́n ṣíná sí i, á tẹ́tí, á béèrè ìgbà tó ti ń ṣe bẹ́ẹ̀. Bó bá pààrọ̀ páàtì, á kó ògbólógbòó lé oníbàárà lọ́wọ́. Ayédèrú páàtì pọ̀ lọ́jà, nítorí náà ó sàn kí àwọn méjèèjì jọ lọ rà á.

Bó bá jẹ́ bíréèkì ló tún ṣe, kí mẹkáníìkì fúnra rẹ̀ gun ọ̀kadà náà wò níṣojú ọlọ́kadà kí ọlọ́kadà tó gbé èrò kankan.