Ẹ Ń Lọ sí Etíkun Durban: Ìwé Ìlàlóye fún Arìnrìn-àjò

Durban wà ní ìhà ìlà-oòrùn South Africa, ní ìpínlẹ̀ KwaZulu-Natal, létí Òkun Íńdíà. Èbúté ńlá ni, eThekwini sì ni àwọn Zulu onílẹ̀ ń pè é. Etíkun pọ̀ ní South Africa, ṣùgbọ́n èyí tó ṣeé lúwẹ̀ẹ́ yípo ọdún kò pọ̀. Ìṣàn omi lọ́wọ́ọ́wọ́ kan tí wọ́n ń pè ní Agulhas ló ń ti àríwá bọ̀, tó ń gba iwájú Durban kọjá lọ sí gúúsù. Òun ni kò jẹ́ kí òkun ibẹ̀ tutù nini àní nínú oṣù Keje, nígbà tí ti Cape Town kò ṣeé tẹsẹ̀ bọ̀ fún ọ̀pọ̀ ènìyàn.

A ṣe ìwé yìí fún ẹni tó fẹ́ lọ gbafẹ́ níbẹ̀, pàápàá ẹni tó bá ń mú ọmọdé tàbí àgbàlagbà dání. Ọ̀rọ̀ ìlera àti ààbò ló jẹ wá lógún jù, ṣùgbọ́n a kò ní torí rẹ̀ bá ìgbádùn yín jẹ́.

Kí ẹ tó kúrò nílé

Ọmọ Nàìjíríà nílò físà láti wọ South Africa. Ẹ tètè bẹ̀rẹ̀ ètò rẹ̀. Lẹ́yìn físà ni káàdì yẹ́lò, ìyẹn ìwé ẹ̀rí pé ẹ ti gba abẹ́rẹ́ àjẹsára ibà pọ́njú. Ó gbọ́dọ̀ pé ọjọ́ mẹ́wàá, ó kéré tán, tí ẹ ti gba abẹ́rẹ́ náà kí ẹ tó gúnlẹ̀. Láti ọdún 2016, abẹ́rẹ́ ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ti tó fún gbogbo ọjọ́ ayé. A kì í tún un gbà lẹ́yìn ọdún mẹ́wàá mọ́. Aláboyún, ọmọ tí kò tíì pé oṣù mẹ́sàn-án àti ẹni tó ń lo oògùn tó ń dín agbára ara láti dènà àrùn kù gbọ́dọ̀ bá dókítà sọ̀rọ̀ kí wọ́n tó gbà á.

Ẹ má fojú kéré káàdì yìí. Ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù Kẹta ọdún 2012, ọmọ Nàìjíríà 125 ni wọ́n dá padà láti pápákọ̀ òfurufú Johannesburg nítorí rẹ̀. Ìjọba Nàìjíríà náà bẹ̀rẹ̀ sí í dá àwọn ọmọ South Africa padà, títí South Africa fi tọrọ àforíjì. Ìjà náà ti parí, òfin náà ṣì wà. Ibi tí ìjọba fọwọ́ sí ni kí ẹ ti gba abẹ́rẹ́. Káàdì tí ènìyàn rà lọ́wọ́ àwọn tó ń dúró kiri láìgba abẹ́rẹ́ lè kọjá lójú òṣìṣẹ́ ibodè, ṣùgbọ́n ẹ̀fọn kò mọ̀wé kà.

Kò sí ibà ẹ̀fọn ní ìlú Durban. Apá òkè réré ìpínlẹ̀ náà, lẹ́bàá ààlà Mozambique, nìkan ni ó ti kù díẹ̀; ẹni tó bá ń lọ síbẹ̀ kí ó bèèrè oògùn ìdènà lọ́wọ́ dókítà. Ṣùgbọ́n ara yín lè gbé ibà láti ilé lọ. Bí ara bá gbóná lẹ́yìn tí ẹ débẹ̀, ẹ sọ fún dókítà pé Nàìjíríà ni ẹ ti wá, kí ó tètè ṣàyẹ̀wò ibà fún yín. Dókítà tí kì í rí ibà lójoojúmọ́ lè rò pé òtútù lásán ló mú yín.

Ìgbà tó dára jù

Ìgbà ooru tiwọn ni oṣù Kejìlá sí oṣù Kejì, òjò a sì máa rọ̀ nígbà náà. Àsìkò Kérésìmesì ni èrò ń kún etíkun bámúbámú, tí owó ilé ìtura sì ń fò sókè. Bí ẹ bá bi wá, a ó ní kí ẹ lọ láàárín oṣù Kẹfà sí oṣù Kẹjọ. Òjò kì í fi bẹ́ẹ̀ rọ̀, oòrùn ọ̀sán a máa tó nǹkan bí ìwọ̀n 23 lórí Celsius, omi òkun kì í sì í sábà sọ̀ kalẹ̀ ju ìwọ̀n 20 lọ. Alẹ́ ló ń tutù, ó lè dé ìwọ̀n 11. Ẹni tó bá ti Èkó lọ láìmú suẹ́tà dání yóò fi owó ìgbafẹ́ ra á níbẹ̀.

Àsìkò yìí kan náà, nínú oṣù Kẹfà àti Keje, ni ẹja sàdíìnì ń wọ́ gba etíkun náà kọjá lọ sí àríwá, àìmọye wọn lẹ́ẹ̀kan náà. Àwọn ẹyẹ òkun, àwọn dọ́fíìnì àti ekurá a máa tẹ̀ lé wọn. Lọ́jọ́ tí agbo ẹja bá sún mọ́ etí omi ní ìhà gúúsù ìlú, àwọn apẹja a na àwọ̀n, tọmọdé tàgbà a sì sáré wọnú omi pẹ̀lú agbọ̀n àti garawa. Kò sí ẹni tó lè sọ ọjọ́ náà fún yín ṣáájú; ọdún mìíràn wà tí ẹja kì í sún mọ́ ilẹ̀ rárá.

Ní etí omi

Ọ̀nà ẹlẹ́sẹ̀ fífẹ̀ kan gba etíkun lọ gbọọrọ, láti ẹnu odò uMngeni títí dé ọgbà uShaka, nǹkan bíi kìlómítà mẹ́jọ. Golden Mile ni wọ́n ń pe agbègbè náà. Òwúrọ̀ kùtùkùtù ni kí ẹ lọ. Nínú oṣù Kejìlá, oòrùn a ti yọ kí aago márùn-ún ìdájí tó lù, etíkun a sì ti kún: àwọn tó ń sáré, àwọn oníkẹ̀kẹ́, àwọn tó fi pátákó gun ìgbì, àwọn àgbà tó jókòó tì ìwọ̀ ẹja lórí afárá tó wọnú omi. Ẹ óò rí àwọn ọmọ ìjọ aláṣọ funfun tí wọ́n ń ṣe ìrìbọmi, àti àwọn àlejò láti ìlú òkè tí wọ́n ń bu omi òkun sínú ike lọ sílé. Ẹ má kàn ṣáà na fóònù sí ẹni tó ń gbàdúrà.

Kì í ṣe gbogbo ènìyàn ló lè rìn níbẹ̀ tẹ́lẹ̀. Ní ayé ìjọba ẹlẹ́yàmẹ̀yà, wọ́n pín iyanrìn àti omi fún ènìyàn gẹ́gẹ́ bí àwọ̀ wọn, wọ́n sì ri pátákó ìkìlọ̀ mọ́lẹ̀ ní èdè mẹ́ta, Gẹ̀ẹ́sì, Afrikaans àti Zulu, kí ẹnikẹ́ni má bàa ní òun kò gbọ́. Oṣù Kọkànlá ọdún 1989 ni ààrẹ F. W. de Klerk kéde pé kí wọ́n ṣí gbogbo etíkun sílẹ̀, lẹ́yìn tí àwọn aráàlú ti fi ẹsẹ̀ ara wọn wọ ibi tí wọn kò gbà wọ́n láyè. Bí ẹ bá bá àgbàlagbà kan pàdé lórí ìjókòó níbẹ̀, ẹ kí i, ẹ sì jẹ́ kó sọ tirẹ̀ fún yín. Ìtàn tó wà lẹ́nu rẹ̀ kò sí nínú ìwé yìí.

Òfin kan wà tí a kò fẹ́ kí ẹ fi ṣeré: àárín àwọn àsíá aláwọ̀ pupa àti ìyeyè nìkan ni kí ẹ ti wẹ̀. Àwọn ẹ̀ṣọ́ etíkun ló ń ri àsíá wọ̀nyí mọ́lẹ̀ ní àràárọ̀, níbi tí wọ́n ti wo omi tí ọkàn wọn balẹ̀. Bí wọn kò bá sí lẹ́nu iṣẹ́, ẹ má wọ omi, kódà bí ẹ bá mọ omi wẹ̀ ju ẹja lọ.

Ìṣàn omi tó ń yára padà sínú agbami ni olórí ewu ibẹ̀. Lójú òkèèrè, ó lè dà bíi pé ibẹ̀ ló dákẹ́ jù, nítorí ìgbì kì í fọ́ níbẹ̀, ìdí nìyẹn tí àlejò fi ń yàn án. Bí ó bá gbé yín, ẹ má bá a jìjàkadì láti padà tààrà sí etí omi. Àárẹ̀ ló ń pa ènìyàn. Ẹ léfòó, ẹ na ọwọ́ kan sókè kí ẹ̀ṣọ́ lè rí yín. Bí ẹ bá lágbára, ẹ wẹ̀ gba ẹ̀gbẹ́, ní gígùn etíkun, títí ìṣàn náà yóò fi tú yín sílẹ̀. Ẹni tó wà lórí ilẹ̀ kò gbọ́dọ̀ bẹ́ sínú omi lọ gba ẹnìkejì là. Kí ó pe ẹ̀ṣọ́.

Ekurá ni gbogbo ènìyàn ń béèrè nípa rẹ̀, nítorí náà ẹ jẹ́ ká sọ ọ́. Láti 1943 títí di 1952, ènìyàn méje ni ẹja ńlá eléyín mímú yìí pa ní Durban. Ní 1952 ni wọ́n ta àwọ̀n sínú omi, láti ìgbà náà ekurá kò tíì pa ẹnì kan ní etíkun ìlú náà. Àwọ̀n náà kì í ṣe ògiri. Ekurá lè gba abẹ́ rẹ̀ tàbí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kọjá. Ohun tó ń ṣe ni pé ó ń mú wọn, tí iye wọn nítòsí sì ń dín kù. Ó tún ń mú dọ́fíìnì àti ìjàpá òkun tí kò ṣẹ ẹnikẹ́ni, àríyànjiyàn lórí rẹ̀ kò sì tíì parí. Ilé iṣẹ́ ìjọba tó ń bójú tó o wà ní uMhlanga, ní àríwá ìlú.

Bí òjò ńlá bá ti rọ̀, ẹ yẹra fún omi fún ọjọ́ mélòó kan, pàápàá nítòsí ẹnu odò. Omíyalé oṣù Kẹrin ọdún 2022, tó gbẹ̀mí èèyàn tó lé ní 400 ní ìpínlẹ̀ náà, ba àwọn ibi tí wọ́n ti ń tún omi ẹ̀gbin ṣe jẹ́, wọ́n sì ti àwọn etíkun pa. Ẹ wo pátákó ìkéde kí ẹ tó bọ́ aṣọ. Bí ẹ bá rí ohun aláwọ̀ búlúù tó dà bíi ike fífẹ́ lórí iyanrìn, tí okùn tẹ́ẹ́rẹ́ wà lára rẹ̀, ẹ má fọwọ́ kàn án, ó ń ta ni kódà bó ti kú. Bí ó bá ta ẹnì kan, ẹ fi omi òkun ṣan ojú ibẹ̀, kí ó wá ki í bọ omi gbígbóná tí ara lè gbà. Bí mímí bá nira fún un, ilé ìwòsàn ló kàn. Òfin kò gba ọtí mímu láyè ní etíkun.

Ẹ kúrò nínú iyanrìn

Àwọn ọmọ ò ní jẹ́ kí ẹ kọjá uShaka, ọgbà tí wọ́n ṣí ní 2004, níbi tí wọ́n ti ń wo ẹja nínú ohun tí wọ́n kọ́ bí ọkọ̀ ojú omi tó rì. Ẹ lọ. Ṣùgbọ́n bí ọjọ́ bá ṣẹ́ kù fún yín, inú ìlú ni kí ẹ ná an sí.

Oṣù Kọkànlá 1860 ni ọkọ̀ àkọ́kọ́ kó àwọn ará Íńdíà dé Durban láti wá ṣiṣẹ́ nínú oko ìrèké. Ọwọ́ àwọn ọmọ wọn ni oúnjẹ ìlú náà wà. Bunny chow ni ẹ máa bèèrè: wọ́n á gbẹ́ inú búrẹ́dì, wọ́n á rọ kọ̀rí ẹran àgùntàn tàbí ti ẹ̀wà kún un, ọwọ́ sì ni wọ́n fi ń jẹ ẹ́. Ti ẹ̀wà yóò rán yín létí ẹ̀wà àgọ̀yìn àti búrẹ́dì. Ìdámẹ́rin búrẹ́dì tó fún ẹnì kan. Wọ́n á kìlọ̀ ata fún yín. Ẹ rẹ́rìn-ín músẹ́, kí ẹ jẹ ẹ́.

Ní ọjà Warwick, àwọn oníṣègùn ìbílẹ̀ Zulu pàtẹ egbò, èèpo àti ewé sórí afárá mọ́tò kan tí wọn kò kọ́ parí. Ẹni tó mọ ọjà ewé nílé yóò fẹ́ dúró pẹ́. Ẹ mú ọmọ ìlú tó mọ̀nà dání, ẹ má ra ohun tí ẹ kò mọ̀ lò, ẹ má sì kó egbò tàbí awọ ẹran bọ̀ nílé.

Ilé ohun ìṣẹ̀ǹbáyé KwaMuhle jẹ́ ọ́fíìsì tó ń ṣàkóso àwọn aláwọ̀ dúdú nígbà kan. Níbẹ̀ ni ẹ óò ti rí bí ìlú ṣe gba ọtí ọkà pípọn mọ́ àwọn obìnrin lọ́wọ́ láti nǹkan bí 1908, tó ń dá tà á, tó sì ń fi èrè rẹ̀ náwó sí ìṣàkóso àwọn tó ń mu ún. Nínú gbogbo ibi tí a dárúkọ, ibẹ̀ ló yẹ kó gba ojú yín jù. Lẹ́yìn ìlú, ní Inanda, ni ilé ẹ̀kọ́ Ohlange tí John Dube dá sílẹ̀ wà. Ibẹ̀ ni Nelson Mandela ti dìbò ní ọjọ́ 27 oṣù Kẹrin 1994. Gandhi náà gbé nítòsí ibẹ̀, ní Phoenix, láti 1904.

Ọgbà igi ìlú náà ti wà láti 1849, ọ̀fẹ́ ni. Igi kan wà níbẹ̀ tí wọ́n rí ẹyọ kan ṣoṣo rẹ̀ nínú igbó ní 1895. Akọ ni, wọn kò tíì rí abo rẹ̀ dòní.

Pápá ìṣeré Moses Mabhida, tí ọ̀wọ̀n rẹ̀ tó tẹ̀ ga tó mítà 106, kò jìnnà sí etíkun. Ibẹ̀ ni Nàìjíríà ti gbá òmì 2–2 pẹ̀lú South Korea nínú Ife Ẹ̀yẹ Àgbáyé ní ọjọ́ 22 oṣù Kẹfà 2010. Ẹ̀yin tí ẹ bá ṣì ń rántí bọ́ọ̀lù tí Yakubu Aiyegbeni gbá sẹ́gbẹ̀ẹ́ ojúlé tí ó ṣófo, ẹ lè lọ wo ojúlé náà fúnra yín.

Bí ẹ bá fẹ́ rí àgbáńréré, ọgbà ẹranko Hluhluwe-iMfolozi wà ní àríwá, bíi wákàtí mẹ́ta sí mẹ́rin nínú ọkọ̀.

Ààbò

Kí ilẹ̀ tó ṣú ni kí ẹ kúrò ní etíkun. Ẹ má máa fi fóònù hàn kiri, takisí tí ilé ìtura bá pè ni kí ẹ wọ̀. Ọwọ́ òsì ni wọ́n ń wakọ̀ níbẹ̀, nítorí náà ẹ kọ́kọ́ wo ọwọ́ ọ̀tún kí ẹ tó sọdá títì. Wọ́n ti kọlu àwọn àjèjì ní Durban rí, ní oṣù Kẹrin 2015. Ẹ máa gbọ́ ìròyìn, kí ẹ sì ní ẹ̀dà ìwé ìrìnnà lọ́wọ́. Ọ́fíìsì aṣojú Nàìjíríà wà ní Pretoria àti Johannesburg.

Ọlọ́pàá ni 10111, ọkọ̀ aláìsàn ni 10177. Láti orí fóònù alágbèéká, 112 yóò dé ọ̀dọ̀ àwọn méjèèjì. Ẹ kọ wọ́n sínú fóònù yín kí ẹ tó wọ bàálù.