Fífi Ètò Kẹta Kún Kọ̀ǹpútà Tí Ó Ti Ní Méjì

Windows àti Ubuntu ni ó jọ ń gbé inú kọ̀ǹpútà ọ́fíìsì wa. Bí a bá tàn án, yóò béèrè èyí tí a fẹ́ lò. A pinnu láti fi ètò kẹta, Debian, kún un, kí àwọn ọ̀dọ́ lè máa fi kọ́ṣẹ́ láìfọwọ́ kan èyí tí a fi ń ṣiṣẹ́.

Nígbà àkọ́kọ́, a fi ìkánjú yan ìlà tí ó ní kí a lo gbogbo dísìkì. Ètò méjèèjì parẹ́, pẹ̀lú àkọsílẹ̀ ìrìbọmi àti ìgbéyàwó ọdún 11. Ọpẹ́lọpẹ́ ẹ̀dà tí akọ̀wé ìjọ ti fi pamọ́ sínú fláàṣì. A tún gbogbo rẹ̀ ṣe láti ìbẹ̀rẹ̀, ohun tí a sì rí kọ́ nìyí.

Èkíní, ẹ ṣe ẹ̀dà gbogbo fáìlì yín sórí dísìkì mìíràn, kí ẹ sì ṣí i wò lórí kọ̀ǹpútà mìíràn. Bí BitLocker bá ń ṣọ́ Windows yín, ẹ kọ nọ́ńbà 48 tí a fi ń ṣí i sínú ìwé.

Èkejì ni àyè, nítorí ètò kọ̀ọ̀kan gbọ́dọ̀ ní yàrá tirẹ̀. Inú Windows fúnra rẹ̀, nínú Disk Management, ni kí ẹ ti dín yàrá rẹ̀ kù. Àwa yọ 40 GB sílẹ̀. Nígbà tí ẹ bá fi fláàṣì Debian tan kọ̀ǹpútà, ẹ yan "Manual" níbi pípín dísìkì, kí ẹ sì tọ́ka sí àyè òfìfo yẹn nìkan. Ẹ má ṣe pa yàrá kékeré EFI rẹ́, nítorí ibẹ̀ ni ohun tí ó ń jí gbogbo ètò wà.

Ẹ̀kẹta ni GRUB, aṣọ́nà tí ó ń to orúkọ àwọn ètò síwájú wa. Ti ètò tí ó dé kẹ́yìn ni ó sábà máa ń gba ẹnu ọ̀nà. Láti ìgbà GRUB 2.06, tí ó jáde ní ọdún 2021, kì í wá ètò mìíràn kiri àfi bí a bá pàṣẹ fún un. Nítorí náà, bí Debian bá béèrè bóyá kí ó wá wọn, ẹ gbà fún un. Bí orúkọ kan kò bá hàn síbẹ̀, ẹ má ṣe rò pé ètò náà ti parẹ́. Ẹ kọ GRUB_DISABLE_OS_PROBER=false sínú fáìlì /etc/default/grub, kí ẹ sì pàṣẹ sudo update-grub.

Ètò mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ń ṣiṣẹ́ lọ́dọ̀ wa báyìí, ẹ̀dà àkọsílẹ̀ wa sì ti di méjì. Ohun tí a bá fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́.