Ìdun Nínú Ilé: Bí A Ti Ń Dènà Rẹ̀ àti Bí A Ti Ń Lé E Jáde

Ohun tí ó ń mú kí ìdun pẹ́ nínú ilé ju ohun gbogbo lọ ni ìtìjú. Baálé tí ẹ̀fọn kún ilé rẹ̀ a máa wí i ní gbangba, ìyá ilé tí aáyán kún ilé ìdáná rẹ̀ a máa fi ṣe àwàdà; ṣùgbọ́n ẹni tí ìdun bá wọ ilé rẹ̀ a pa ẹnu mọ́, nítorí ó rò pé àwọn aládùúgbò yóò pe òun ní ọ̀bùn. Bẹ́ẹ̀ ni yóò máa dá a jà ní òru, láìbi ẹnikẹ́ni léèrè, títí kòkòrò náà yóò fi ti iyàrá kan dé èkejì, tí yóò sì bá àlejò lọ sí ilé tirẹ̀. Ìtìjú yìí kò ní ìdí. Ìdun kì í jẹ ìdọ̀tí; ẹ̀jẹ̀ ni oúnjẹ rẹ̀, ẹ̀jẹ̀ ẹni tí ń wẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì lóòjọ́ kò sì yàtọ̀ lẹ́nu rẹ̀ sí ti ẹni tí kì í wẹ̀. Ẹrù tí a kó jọ gègèrè sí iyàrá ni ó ń fún un ní ibi ìfarapamọ́.

Ẹ̀yà ìdun méjì ni ó ń mu ẹ̀jẹ̀ ènìyàn káàkiri ayé. Èyí tí ó pọ̀ ní ilẹ̀ olóoru bí tiwa ni àwọn onímọ̀ ń pè ní Cimex hemipterus. Èkejì rẹ̀, Cimex lectularius, pọ̀ ní ilẹ̀ olótùútù. Àgbà ìdun kò gùn ju mìlímítà 5 sí 7 lọ. Ó pẹlẹbẹ, ó sì pupa rẹ́súrẹ́sú, ṣùgbọ́n nígbà tí ó bá mu ẹ̀jẹ̀ yó, a wú, a sì ṣókùnkùn. Kò ní ìyẹ́ tí ó lè fi fò, kì í sì í tọ bí yọ̀rọ̀. Ẹsẹ̀ ni ó fi ń rìn, tàbí kí ènìyàn gbé e. Abo rẹ̀ a máa yé ẹyin 1 sí 5 lóòjọ́, ẹyin funfun kékeré tí ó lẹ̀ mọ́ inú pàlàpálá. Nínú ooru ilẹ̀ wa, ẹyin náà a pa láàrin ọjọ́ 6 sí 10. Ọmọ ìdun a bọ́ awọ ní ìgbà márùn-ún kí ó tó di àgbà, ó sì gbọ́dọ̀ mu ẹ̀jẹ̀ kí ó tó lè bọ́ ọ̀kọ̀ọ̀kan. Gbogbo rẹ̀ kò ju bí ọ̀sẹ̀ márùn-ún sí mẹ́fà lọ. Nítorí náà, ìdun tí ó bá wọlé nígbà ọyẹ́ yóò ti ní ọmọ àti ọmọ-ọmọ kí a tó gbin àgbàdo òjò àkọ́rọ̀. Ó sì lè pa ebi mọ́ra fún oṣù púpọ̀. Ẹni tí ó bá ti ilé rẹ̀ pa fún ọ̀sẹ̀ méjì, tí ó lọ sí ìdálẹ̀ pé ebi yóò pa ìdun kú, yóò bá a nílé ní ìlera, pẹ̀lú ebi tí ó pọ̀ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ.

Ara àwọn ènìyàn kò gba ìgéjẹ rẹ̀ bákan náà. Ara ẹlòmíràn a lé wíwú wíwú ní ìlà, a sì máa yún un títí ilẹ̀ yóò fi mọ́. Ara ẹlòmíràn kò ní fi àmì kankan hàn. Èyí ti dá ìjà sílẹ̀ láàrin tọkọtaya púpọ̀: aya kò rí oorun sùn, ọkọ sì ń wí pé àlá ni ó ń lá, nígbà tí ó jẹ́ pé àwọn méjèèjì ni ìdun ń mu. Kí a má ṣe fi ara dá a mọ̀ nígbà náà, bí kò ṣe ibùsùn. Kí a gbé tọ́ọ̀ṣì, kí a wo ojú rírán tìmùtìmù, oríkèé igi ibùsùn àti ihò ìṣó. A ó rí àmì dúdú kéékèèké bí ẹni kán tàdáwà sílẹ̀, èyí tí í ṣe ìgbẹ́ rẹ̀. A ó rí awọ tí ó bọ́, àti ẹ̀jẹ̀ lára aṣọ. Kí a wo ẹ̀yìn àwòrán tí a fi kọ́ ògiri pẹ̀lú, àní àti ẹ̀yìn àlímánáàkì yìí, bí ó bá wà nítòsí ibùsùn.

Ọ̀nà tí ó fi ń wọlé kò ṣòroó mọ̀. Àwọn ọmọ tí ń gbé ilé ẹ̀kọ́ a máa mú un bọ̀ nínú àpótí irin wọn nígbà ìsinmi. Ibùsùn àlòkù tí a rà ní ẹ̀dínwó a máa mú tirẹ̀ wá láìgba owó kún un. Ilé ìtura, àpò ìrìnàjò, àga àlòkù, ọ̀nà ni gbogbo wọn. Ìdun a sì máa mu ẹ̀jẹ̀ adìyẹ. Nítorí náà kí àgbẹ̀ má ṣe jẹ́ kí adìyẹ máa wọ̀ sí iyàrá tí ènìyàn ń sùn. Bí ọmọ bá ti ilé ẹ̀kọ́ dé, kí a tú ẹrù rẹ̀ sí ìta gbangba nínú oòrùn, kí a se aṣọ rẹ̀ nínú omi híhó, kí àpótí tó wọlé. Kò bu ọmọ náà kù.

Kò tíì sí ẹ̀rí pé ìdun ń kó àrùn ran ènìyàn nínú ilé bí ẹ̀fọn ti ń kó ibà. Ṣùgbọ́n ọmọ tí kò sùn ní òru ni yóò máa tòògbé níwájú olùkọ́ ní ọ̀sán. Èékánná tí ó fi ń họ ara a sì máa sọ ìgéjẹ di egbò. Níbi tí ìdun bá pọ̀ jù, ó lè fa àìtó ẹ̀jẹ̀ fún ọmọ kékeré. Kí a fi ọṣẹ àti omi wẹ ojú ìgéjẹ, kí a gé èékánná ọmọ kúrú, bí ó bá sì ṣe ọyún, kí a gbé e lọ sí ilé ìwòsàn.

Ewu tí ó pọ̀ ju ìdun lọ ni oògùn tí àwọn ènìyàn fi ń pa á. Àgbẹ̀ mìíràn a bu oògùn tí a ń fín sí igi kòkó, a dà á sórí tìmùtìmù tí ọmọ rẹ̀ yóò sùn lé ní alẹ́ ọjọ́ náà. Ẹlòmíràn a ra dichlorvos, a fín in sí gbogbo iyàrá, a ti fèrèsé, a sì wọlé sùn. Májèlé tí ń ba iṣan ara jẹ́ ni èyí. Ní 2019 ni àjọ NAFDAC fòfin de igo kékeré rẹ̀. Bí orí bá ń fọ́ ènìyàn lẹ́yìn tí ó fín oògùn, tí itọ́ ń dà lẹ́nu rẹ̀, tí ó ń bì, tí àyà sì ń há a, kí a gbé e jáde síbi afẹ́fẹ́, kí a bọ́ aṣọ rẹ̀, kí a fi ọṣẹ wẹ̀ ẹ́, kí a sì sáré gbé e lọ sí ilé ìwòsàn pẹ̀lú igo oògùn náà. Epo pupa kì í ṣe ẹ̀rọ̀ májèlé yìí. Kí a má ṣe rọ ọ́ sí i lọ́fun. Kẹrosíìnì pẹ̀lú ti sun ilé mọ́ onílé lórí.

Oògùn pàápàá kò ní agbára bí a ti rò. Ní 1939 ni Paul Müller, ọmọ ilẹ̀ Switzerland, rí i pé DDT ń pa kòkòrò, a sì fún un ní ẹ̀bùn Nobel ní 1948. Ṣùgbọ́n ní 1947, kí ẹ̀bùn náà tó tẹ̀ ẹ́ lọ́wọ́, ìdun ti wà ní Pearl Harbor, ní Hawaii, tí DDT kò rí pa mọ́. Ní 2002 ni a kọ ìròyìn láti Tanzania pé ìdun ilẹ̀ olóoru kò ka oògùn tí a rẹ àwọ̀n ẹ̀fọn sí kún mọ́. Àwọn ará oko ní àgbègbè Balkan ní Yúróòpù tilẹ̀ gbọ́n ju bẹ́ẹ̀ lọ: wọn a máa tẹ́ ewé ẹ̀wà sí ilẹ̀ iyàrá ní alẹ́, irun wínníwínní tí ó rí bí ìwọ̀ lára ewé náà a gún ìdun lẹ́sẹ̀, a dá a dúró, ní òwúrọ̀ wọn a kó o sun. Ìwádìí 1943 àti ti 2013 fi hàn pé òtítọ́ ni. Ẹ̀wà wọn kì í ṣe irú èyí tí a fi ń ṣe mọ́ínmọ́ín níhìn-ín, nítorí náà kí ẹnikẹ́ni má ṣe já ewé oko rẹ̀ dànù.

Ooru ni ohun tí ìdun kò lè fara dà. Ní ìwọ̀n 48 Sẹ́lísíọ́sì, àgbà rẹ̀ yóò kú láàrin ìṣẹ́jú 20, ẹyin rẹ̀ lè ju wákàtí kan lọ. Ṣùgbọ́n omi híhó kì í fún èyíkéyìí láyè. Lákọ̀ọ́kọ́, kí a má ṣe sá lọ sùn sí iyàrá mìíràn, nítorí ìdun yóò tẹ̀lé wa. Kí a di aṣọ ibùsùn sínú àpò nínú iyàrá gan-an, kí a má baà gbọn ìdun sílẹ̀ lọ́nà, kí a sì sè é. Èyí tí kò ṣeé sè, kí a fi áyọ́ọ̀nù gbígbóná lọ̀ ọ́, pàápàá ní ojú rírán. Kí a tú ibùsùn palẹ̀ ní ìta, kí a fi búrọ́ọ̀ṣì líle fọ oríkèé rẹ̀, kí a sì fi àgé da omi híhó sí inú gbogbo ihò, kí ọmọdé jìnnà síbẹ̀. Ibùsùn ọparun, tí inú rẹ̀ ṣófo, sàn kí a sun ún. Kí a fọ́n ojú rírán tìmùtìmù yẹ́bẹyẹ̀bẹ, kí a sá a. Ṣùgbọ́n oòrùn nìkan kò tó, nítorí ìdun yóò gba abẹ́ lọ síbi òjìji. Lẹ́yìn èyí kí a rán an sínú ọ̀rá líle tí kò ní ihò, kí a má sì tú u fún ọdún kan. Kí a fi amọ̀ tàbí sìmẹ́ńtì dí gbogbo ojú sísán ògiri.

Ẹ̀ẹ̀kan kò tó. Bí iná kò bá tán láṣọ, ẹ̀jẹ̀ kì í tán léèékánná. Bẹ́ẹ̀ náà ni ti ìdun, nítorí ẹyin tí omi kò bá kàn yóò pa lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan. Kí a tún gbogbo iṣẹ́ náà ṣe ní ọjọ́ keje, kí a tún un ṣe ní ọjọ́ kẹrìnlá àti ọjọ́ kọkànlélógún.

Ní gbogbo àkókò yìí kí ibùsùn jìnnà sí ògiri, kí aṣọ má sì kan ilẹ̀. Kí a gbé ẹsẹ̀ rẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin sínú agolo tí a bu omi ọṣẹ sí. Agolo gbígbẹ kò tó, nítorí ìdun ilẹ̀ olóoru mọ bí a ti ń gun ohun dídán ju èkejì rẹ̀ lọ. Kí a máa pààrọ̀ omi náà ní ọ̀sọ̀ọ̀sẹ̀ kí ẹ̀fọn má baà yé sí i, kí a sì máa ka ìdun tí a bá bá nínú rẹ̀. Kí a tẹ́ aṣọ funfun sórí ibùsùn, kí àmì dúdú titun má baà farasin. Bí ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ bá kọjá tí a kò rí ìdun nínú agolo, tí a kò sì rí àmì lórí aṣọ, a lè ti ibùsùn padà sí ẹ̀bá ògiri.