Kí Ẹ Tó Gba Lọ́yà, Ẹ Mọ Ẹjọ́ Tí Ẹ Gbé Lọ́wọ́

Ọ̀pọ̀ nínú wa kì í rántí lọ́yà àfi ìgbà tí ọ̀rọ̀ bá ti bàjẹ́ tán. Wọ́n ti wó ìpìlẹ̀ ilé tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ mọ, tàbí wọ́n ti sin baálé ilé, àwọn ẹbí rẹ̀ sì ti ń béèrè kọ́kọ́rọ́ lọ́wọ́ opó. Ìgbà náà ni a óò sáré wọ ọ́fíìsì agbẹjọ́rò tẹkúntẹkún. Lọ́yà yóò bá wa kẹ́dùn, ṣùgbọ́n ohun tí yóò bi wá ni pé: Ìwé wo ló wà lọ́wọ́ yín? Ọjọ́ wo ló ṣẹlẹ̀? Ta ni ẹ bá ṣe é? Ẹni tí kò bá lè dáhùn yóò sanwó kí wọ́n tó bá a wá ìdáhùn, nígbà mìíràn wọn kò sì ní rí i.

Ẹ jẹ́ kí a mú ọ̀rọ̀ ilẹ̀, nítorí òun ló ń kó àwọn ará sí wàhálà jù. Arákùnrin kan fẹ́ ta pulọ́ọ̀tì. Ẹ jọ ń jọ́sìn, ẹ jọ wà nínú ẹgbẹ́ akọrin, ó sì dà bí ẹni pé àìnígbàgbọ́ ni láti béèrè ìwé lọ́wọ́ rẹ̀. Kò rí bẹ́ẹ̀ rárá. Arákùnrin náà lè jẹ́ olóòótọ́, kí ilẹ̀ náà má sì jẹ́ tirẹ̀ láti tà. Nílẹ̀ Yorùbá, ọ̀pọ̀ ilẹ̀ ló jẹ́ ti ẹbí. Ohun tí àwọn ilé-ẹjọ́ wa ti fi ìdí rẹ̀ múlẹ̀ láti ọjọ́ pípẹ́ ni pé bí ọmọ ẹbí kan bá ta ilẹ̀ ẹbí láìsí ọwọ́ olórí ẹbí níbẹ̀, òfo ni títà náà. Ẹni tó rà á kò ra nǹkan kan. Bí olórí ẹbí bá sì tà á láìjẹ́ kí àwọn àgbà ẹ̀ka ìdílé yòókù lọ́wọ́ sí i, ó dúró títí di ìgbà tí àwọn yẹn bá gba kọ́ọ̀tù lọ, kọ́ọ̀tù sì lè fagi lé e. Nítorí náà, bí wọ́n bá sọ pé "ẹbí ti gbà", ẹ béèrè ta ni olórí ẹbí, ẹ béèrè àgbà ẹ̀ka kọ̀ọ̀kan, kí gbogbo wọn sì fọwọ́ sí ìwé.

Rìsíìtì ń sọ pé ẹ sanwó. Kò sọ pé ilẹ̀ ti di tiyín. Òfin ilẹ̀ ti 1978 fi ilẹ̀ ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan sí ìkáwọ́ gómìnà, ẹni tó bá sì ní ìwé C of O kò lè tà á fún ẹlòmíràn láìgba ìfọwọ́sí gómìnà. Kí ẹ tó san kọ́bọ̀, ẹ gba ẹ̀dà sọ́fè, kí wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò ní ọ́fíìsì Surveyor-General ìpínlẹ̀ bóyá ìjọba ti gba ibẹ̀. Iṣẹ́ tí a ń gba lọ́yà fún nìyí, kí ó tó di ẹjọ́. Kí ó sì jẹ́ lọ́yà tí ẹ̀yin fúnra yín yàn. Èyí tí ẹni tó ń ta ilẹ̀ bá fà lé yín lọ́wọ́, ti ẹni náà ni, bó ti wù kí ó rẹ́rìn-ín sí yín tó.

Ọ̀rọ̀ kejì kan àwọn arábìnrin wa, a kì í sì í fẹ́ sọ ọ́ nígbà tí ọkọ wà láàyè. Nínú àṣà Yorùbá, àwọn ọmọ ló ń pín ogún bàbá wọn, yálà ní orí-ò-jorí, tàbí ní ìdí-igi, níbi tí àwọn ọmọ ìyá kọ̀ọ̀kan ti ń gba ìpín kan. Ìyàwó kò sí nínú rẹ̀. Nínú ẹjọ́ Dawodu àti Danmole, ọkùnrin tó fi ogún sílẹ̀ ní ìyàwó 4 àti ọmọ 9. Ní 1962, Privy Council ní Lọ́ńdọ̀nù fọwọ́ sí i pé ìdí-igi ṣì ni àṣà, a sì pín in sí mẹ́rin. Opó tó ṣe ìgbéyàwó lábẹ́ òfin ìjọba ní ìpín tirẹ̀.

Ṣùgbọ́n ẹ yẹ ìwé yín wò! Ìgbéyàwó ṣọ́ọ̀ṣì nìkan kò fi dandan jẹ́ ìgbéyàwó òfin. A gbọ́dọ̀ ti fi orúkọ sílẹ̀ ní ọ́fíìsì ìjọba fún ọjọ́ 21 kí a tó gba ìwé-àṣẹ. Kí a sì ṣe é kí oṣù 3 tó pé láti ọjọ́ tí a fi orúkọ sílẹ̀. Ilé ìjọsìn náà gbọ́dọ̀ ní àṣẹ ìjọba, kí ilẹ̀kùn ṣí sílẹ̀, láàárín aago 8 òwúrọ̀ sí aago 6 ìrọ̀lẹ́, pẹ̀lú ẹlẹ́rìí 2. Ìwé aláràbarà tí ìjọ tẹ̀ fúnra rẹ̀ kò lè dípò ti ìjọba. Ọkọ tó bá fẹ́ràn ilé rẹ̀ lè kọ ìwé ìhágún pẹ̀lú, ṣùgbọ́n kí ó má fi ẹni tó fẹ́ fún ní nǹkan ṣe ẹlẹ́rìí, nítorí ẹni náà yóò pàdánù ẹ̀bùn rẹ̀.

Ọjọ́ kì í dúró de ẹnikẹ́ni. Bí òṣìṣẹ́ ìjọba bá ṣẹ̀ yín lẹ́nu iṣẹ́, oṣù 3 péré ni òfin sábà máa ń fún yín láti pè é lẹ́jọ́. Ní Èkó, gbèsè àdéhùn ní ọdún 6, ìjà ilẹ̀ ní ọdún 12. Gbèsè tí kò bá sì ju mílíọ̀nù 5 náírà lọ, kọ́ọ̀tù pàtàkì kan ti wà fún un ní Èkó láti 2018. Ẹ lè fi ẹnu ara yín rojọ́ níbẹ̀ láìgba lọ́yà, bí ẹ bá ti kọ́kọ́ kọ̀wé béèrè owó yín.

Bí ẹ bá wá ń lọ bá lọ́yà, ẹ kọ ìtàn náà sórí bébà kan, ọjọ́ dé ọjọ́, títí kan èyí tí kò gbè yín. Ẹ mú ẹ̀dà àwọn ìwé yín lọ, kí ojúlówó wà nílé. Ẹ béèrè iye owó, kí ó kọ ọ́ sílẹ̀, kí ẹ sì gba rìsíìtì. Ẹni tí owó tó ń wọlé fún un kò bá ju owó-oṣù tó kéré jù tí ìjọba àpapọ̀ là kalẹ̀, kí ó lọ sí Legal Aid Council. Àjọ ìjọba ni, wọ́n sì máa ń bá tálákà ro irú àwọn ẹjọ́ kan láìgba owó iṣẹ́ lọ́yà.