Ṣé o mọ̀? Ilẹ̀kùn tó ń wá irin lè da iṣẹ́ ẹ̀rọ ọkàn rú

Agbára mágínẹ́ẹ̀tì ni ilẹ̀kùn tó ń wá irin lára èèyàn ní pápákọ̀ òfurufú ń tú jáde. Wáyà tín-ín-rín tó so ẹ̀rọ ọkàn, èyí tó ń mú kí ọkàn aláìsàn lù déédéé láti inú àyà rẹ̀, mọ́ ọkàn náà lè gba agbára yìí, bí áńtẹ́nà rédíò. Ẹ̀rọ náà á rò pé ọkàn ló ń lù fúnra rẹ̀, á sì dákẹ́ nígbà tó yẹ kó ṣiṣẹ́. Irú èyí tó ń fi iná dá ọkàn padà sípò tilẹ̀ lè gbé èèyàn láìnídìí: ní 1998, àwọn dókítà Amẹ́ríkà kọ nípa ọkùnrin kan tó ṣe bẹ́ẹ̀ sí nídìí ẹ̀rọ tó ń ṣọ́ olè ní ṣọ́ọ̀bù.

Ẹni tó bá rìn kọjá láìdúró kì í sábà rí ewu kankan. Dídúró síbẹ̀, tàbí fífara tì í, ni kò dára. Ìdí nìyí tí ilẹ̀kùn báǹkì wa, tóun náà ń wá irin, tó sì máa ń há èèyàn sáàárín, fi ń kọ mí lóminú. Kí ẹni tó ní ẹ̀rọ yìí fi káàdì ọsibítù rẹ̀ han ẹ̀ṣọ́, kó ní kí wọ́n fọwọ́ yẹ òun wò. Bí wọ́n bá fẹ́ lo ẹ̀rọ ìléwọ́ tó ń wá irin, kò gbọdọ̀ pẹ́ lókè àyà.